Apòògùn Tí Ń Yínmú sí Ọtí Dúdú

Kò sí ohun tí ọkùnrin apòògùn yìí kò lè yínmú sí. Ó ń yínmú sí ọṣẹ tí ìyàwó rẹ̀ fi ń fọṣọ, ó ń yínmú sí lọ́fínńdà àwọn ọmọge, ó ń yínmú sí ìwé ìròyìn òwúrọ̀, ó ní yíǹkì rẹ̀ ń rùn ju irọ́ inú rẹ̀ lọ. Bí oníbàárà bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní igun títì, kí onítọ̀hún tó sọ ohun tó ń ṣe é, apòògùn á ti fa imú, á ti mọ̀ pé ó ti lọ gba àgúnmu lọ́wọ́ ẹlòmíì kó tó rántí òun. Á wá wò ó láti òkè délẹ̀ bí ẹni wo bàtà tó ya lẹ́nu.

Lójú rẹ̀, "Dókítà" ni wọ́n ń pè é. Bó bá ti kọ ẹ̀yìn, ó di "Bàbá Imú."

A kò sì lè purọ́ mọ́ ọn, imú náà mọ iṣẹ́. Bó bá ṣí ìdérí ìgò oògùn ikọ́, tó gbé e súnmọ́ imú, ó mọ̀ bóyá oòrùn ti pa á nínú ọkọ̀ tó gbé e wá. Ní ọjọ́ kan báyìí, ó dìde níbi tó jókòó sí, ó sọdá títì lọ sílé télọ̀ tó wà ní òdìkejì, ó ní kí wọ́n má ṣe ṣáná, kí gbogbo wọn bọ́ síta. Gáàsì ló ń jò nínú ilé ìdáná wọn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀. Ó gba ẹ̀mí wọn là tán, ó wá dúró sójú títì, ó bú wọn títí oúnjẹ ọ̀sán fi kọjá, ó ní ewúrẹ́ ló ní làákàyè jù wọ́n lọ, torí ewúrẹ́ máa ń gbóòórùn ewé kó tó jẹ ẹ́. Télọ̀ dúpẹ́, ó tọrọ àforíjì lórí ìdúpẹ́. Báyìí ni àdúgbò ṣe ń fara da ẹnu apòògùn nítorí imú rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ní àbúrò ọkùnrin kan, àbígbẹ̀yìn ìyá wọn. Ilé iṣẹ́ ńlá kan ni àbúrò yìí ti ń tún ẹ̀rọ tí ń fa omi ṣe. Ó kàn dédé fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó gba gáréèjì àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù apòògùn, ó fọ epo dúdú kúrò nílẹ̀ ibẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó, ó kun ògiri, ó la ojú àgbàrá, ó to àgbá onírin tó ń dán gbinrin sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó to àpò ọkà báálì sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó ní bíà lòun fẹ́ máa pọn. Bíà dúdú nìkan. Wọ́n bi í léèrè ìdí tí kò fi ní pọn èyí tó pọ́n bí oyin táráyé ń mu, ó ní ìyẹn ti pọ̀ tó nílé ayé.

Nígbà tí ìròyìn náà dé etí apòògùn, ṣe ló rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tó burú ju èébú lọ.

"Ẹni tó ń de nọ́ọ̀tì ẹ̀rọ omi lánàá ló di apọntí lónìí," ló wí fún ìyàwó rẹ̀. "Tó bá di ọ̀la, á ní òun fẹ́ máa ṣiṣẹ́ abẹ. Kó o kìlọ̀ fún àwọn ará ilé yín kí wọ́n má dùbúlẹ̀ nítòsí ẹ̀."

"Àbúrò mi ni o," ni ìyàwó dáhùn.

"Mo mọ̀. Mi ò bú ẹ̀jẹ̀ yín. Ọtí ẹ̀ ni mò ń sọ."

"Ṣé ẹ tiẹ̀ ti mu ún?"

"Ṣé ó dìgbà tí mo bá jẹ òkúta kí n tó mọ̀ pé ó le?"

Ní ọjọ́ Sátidé tí apọntí kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún àwọn èèyàn láti wá tọ́ ọtí wò, ìyàwó apòògùn fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ síbẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Wọ́n bá èèyàn níbẹ̀. Télọ̀ wà níbẹ̀, olùkọ́ ìṣirò kan wà níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù ti fẹ́ ìtìjú kúrò lójú wọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tẹlifóònù lọ́wọ́. Apọntí gbé àwọn ife kéékèèké sórí pátákó gbọọrọ, ọtí inú wọn dúdú bí ojú omi kànga, ìfófó aláwọ̀ ilẹ̀ wà lórí wọn. Ó fi kọfí sínú ọ̀kan, ó fi kòkó sínú ọ̀kan, ó ti fi èéfín igi yan ọkà tó fi pọn òmíràn. Ti ìkẹyìn, ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó kan díẹ̀.

Àwọn ọmọ ọ́fíìsì gbé ife, wọ́n ń yí ọtí kiri nínú ẹnu bí ẹni tó ń fọ eyín, wọ́n ń di ojú. Ọ̀kan ní òun ń gbọ́ adùn èso gbígbẹ. Èkejì ní òun ń gbọ́ igi àtijọ́, bíi ti àpótí ìyá àgbà. Olùkọ́ ìṣirò, tí kò gbọ́ nǹkankan, mi orí pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Apòògùn wò wọ́n. Ó gbé ife àkọ́kọ́, ó fi imú kàn án, ó tọ́ ọ wò, ó gbé e kalẹ̀.

"Omi ìṣankòkò," ló wí. "Ìkòkò tó jóná, tí ọmọ ọ̀lẹ wá da omi sí, tó ní kó rẹ títí di ọ̀la."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ó gbé èkejì.

"Ẹ ti la páálí bàtà tuntun rí? Èyí ni bàtà náà. Ẹsẹ̀ òsì."

Ó gbé ti eléèéfín, kò tíì dé ẹnu rẹ̀ tó fi yíjú sí ojú fèrèsé. "Ilé ta ló jóná?" ló bi télọ̀. Télọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tó kan ti ìkẹyìn, ó tọ́ ọ wò, ó dá ife padà sórí pátákó pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ẹni gbé òkú sílẹ̀, ó ní, "Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu mọ́. Ẹ pe àwọn ará ilé ẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ bojú. Ṣùgbọ́n apọntí kò bínú. Ó dúró síbi àgbá, ó gbé ọwọ́ lé e, ó ń wo àna rẹ̀ bí ọmọ iléèwé tó ń wo pátákó ìkọ̀wé. Nígbà tí èrò túká, tí ìyàwó ń bá a kó ife jọ, ó wá bá apòògùn lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí tẹ́ ẹ ní ó dà bí ìkòkò tó jóná. Ìgbà tẹ́ ẹ gbé e sẹ́nu lẹ gbọ́ ọ ni, àbí ìgbà tẹ́ ẹ gbé e mì?"

"Ìgbà tí mo gbé e mì. Ní ọ̀fun. O yan ọkà yẹn kọjá bó ṣe yẹ, o fi í sílẹ̀ lórí iná, o lọ sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù."

Apọntí gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri. "Lóòótọ́ ni mo lọ gba tẹlifóònù," ló wí.

"Ẹni tó ń yan nǹkan kì í gba tẹlifóònù," ni apòògùn sọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Ní gbogbo Sátidé, apòògùn á wá, á bú ọtí lójú gbogbo ayé, àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín títí omi á fi jáde lójú wọn. Bí wọ́n bá ti lọ tán, apọntí á wá bá a jókòó, á bi í ní ibi tí èébú náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Apòògùn á sọ fún un láìfi adùn kankan sí ọ̀rọ̀: omi ìlú ti yí padà, lọ se é kó o tó lò ó, ìwúkàrà rẹ ti gbó, àgbá kẹta kò mọ́ nídìí. Ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń lé adìẹ. Apọntí á lọ tún un ṣe. Ọtí náà bẹ̀rẹ̀ sí í dára, díẹ̀díẹ̀, títí tí àwọn èèyàn fi ń ti àdúgbò míì wá.

Àfi ọjọ́ kan tí obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù wá ra oògùn orí, tó gbé ìgò bíà kan kalẹ̀ lórí káúńtà kó lè ráyè wá àpamọ́wọ́ rẹ̀. Apòògùn wo ara ìgò náà. Wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ ọn, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà: OMI ÌṢANKÒKÒ.

Ó pa ṣọ́ọ̀bù dé, ó gba ẹ̀yìn lọ. Ó bá àwọn ìgò lórí pẹpẹ, Omi Ìṣankòkò, Bàtà Òsì, Ilé Ta Ló Jóná, wọ́n tò wọ́n bí ọmọ ogun.

"Ta ló fún ẹ láṣẹ pé kó o lẹ ẹnu mi mọ́ ara ìgò?"

"Ẹ máà bínú, Ẹ̀gbọ́n," ni apọntí wí. "Adùn Ìrọ̀lẹ́ ni mo kọ́kọ́ pe èyí. Kò sẹ́ni tó wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà tí mo fi ẹ̀gàn yín sí i, a ò rí i pọn tó mọ́."

"Ṣé mo bú u, wọ́n sì ń rà á?"

"Torí pé ẹ bú u ni wọ́n fi ń rà á."

Apòògùn padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń kùn. Nígbà tó délé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé aráyé ti ya dìndìnrìn, pé bí òun bá tutọ́ sínú ife lọ́la, wọn á tò sórí ìlà láti mu ún. Síbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ṣàkíyèsí pé láti ìgbà náà ló ti ń lọ ẹ̀wù tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, tó sì ń dá sọ̀rọ̀ nínú ilé ìwẹ̀, tó ń dán èébú wò bí akọrin ṣe ń dán ohùn.

Ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ọ̀fìnkìn mú un. Ọ̀fìnkìn lásán, irú èyí tó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n lọ mu omi gbígbóná kí wọ́n yéé yọ òun lẹ́nu. Ó sin títí, ó wú ikọ́, ara rẹ̀ yá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ṣí agolo ìpara àyà, èyí tó máa ń ta èèyàn lójú láti ọ̀ọ́kán. Ojú ta á. Ṣùgbọ́n kò gbọ́ òórùn. Ó ṣí ìgò sípírítì tí wọ́n fi ń nu ojú ọgbẹ́. Bákan náà. Ó ṣí ọṣẹ, ó ṣí kánfọ̀, ó wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ tẹ orí bọ garawa ìdọ̀tí. Òfìfo. Ó dà bí ìgbà téèyàn bá kan ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti kó kúrò nínú rẹ̀.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń sọ fún àwọn aláìsàn ló sọ fún ara rẹ̀, pé yóò padà fúnra rẹ̀, pé ara ló ń tún ara ṣe. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Oúnjẹ di páálí lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ se ẹ̀wà ní ọjọ́ kan, ó jóná mọ́ ìdí ìkòkò, ó bù ú fún un pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ó sì múra sílẹ̀ de ìjà. Apòògùn jẹ ẹ́, ó nu abọ́, ó ní kó ṣeun. Ọkùnrin tó ti gbé abọ́ padà rí nítorí pé ọ̀bẹ ẹja ni wọ́n fi gé àlùbọ́sà. Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí. Ó kó abọ́ lọ.

Ajá ọdẹ tí kò gbóòórùn mọ́, kí ni wọ́n ń pè é bí kò ṣe ẹnu tó ń jẹun? Ìdí nìyí tí apòògùn kò fi lè jókòó sílé ní Sátidé. Ó wọ ẹ̀wù tó lọ̀, ó lọ. Ó gbé ife, ó fa imú bó ṣe máa ń fà á, ó wo àwọ̀ ọtí, ó wo ojú àwọn èèyàn. Ó ní, "Èyí ń rùn bí ìlérí àwọn tó ń wá ìbò." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó gbé òmíràn, ó ní ó dà bí ẹ̀wù ọkọ ìyàwó tó sá lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín ju bí wọ́n ṣe ń rín tẹ́lẹ̀ lọ, ọmọ ọ́fíìsì kan sì ní lóòótọ́, òun náà gbọ́ ọ, ó wà lẹ́yìn adùn kọfí.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún apòògùn lọ́kàn. Kò sí kọfí nínú ife náà. Ìgò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kọfí wà, ó lè kà á lára ìwé rẹ̀. Ó wá yé e pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kò sẹ́ni tó nílò imú òun nínú ilé yìí. Ó wo gbogbo wọn yíká, ẹnu wọn là sílẹ̀, wọ́n ń retí, ó sì kẹ́gàn wọn lọ́kàn lọ́nà tí kò tíì kẹ́gàn ọtí kankan rí. Ó wá fún wọn ní òmíràn, torí pé òun ni wọ́n wá gbà.

Kò dúró mọ́ lẹ́yìn tí èrò bá túká. Bí apọntí bá ń bọ̀ pẹ̀lú ìbéèrè rẹ̀, á ní, "Lọ wo ìdí iṣẹ́ rẹ. Ṣé èmi ni mò ń gba owó oṣù fún un?" Á ti jáde.

Ìyá ìyàwó rẹ̀ ti kú ní ọdún tó ṣáájú. Obìnrin náà máa ń yan búrẹ́dì nílé, ó sì máa ń jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú díẹ̀, á fi oyin pa á nígbà tó ṣì gbóná. Apòògùn, tó ń yínmú sí ohun gbogbo, máa ń jẹ ẹ́ láìwí nǹkan, èyí tó jẹ́ ìyìn gíga jù lọ tó ní. Apọntí wá ń gbìyànjú láti pọn ọtí kan tí yóò rán an létí ìyá rẹ̀. Ó yan búrẹ́dì dúdú, ó fọ́ ọ sínú ọkà, ó wá oyin igbó kiri. Ó dà á nù, ó tún un pọn, ó tún dà á nù. Nígbà tó yá, àgbá kan wà tó rò pé ó ti sún mọ́ ọn.

Ó gbé ife kan wá sí ṣọ́ọ̀bù ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ó fi ọwọ́ kejì dé e lórí kí eruku má bàa kó sí i. Ó dúró títí oníbàárà kan fi lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí kì í ṣe ti Sátidé. Ẹ dákun, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ti Màmá ni. Èmi fúnra mi ò mọ̀ mọ́, mo ti tọ́ ọ wò títí ahọ́n mi fi kú. Bí kò bá dáa, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, màá dà á nù. Bó bá dáa, ẹ sọ."

Apòògùn gba ife. Ó gbé e sí imú, kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó gbé e sẹ́nu. Ó mọ̀ pé ó tutù, ó mọ̀ pé ó korò díẹ̀, pé ó kún ẹnu. Ibi tí ìyókù yẹ kó wà, ògiri ni. Àna rẹ̀ ń wo ojú rẹ̀ bí aláìsàn ṣe ń wo ojú ẹni tó mú èsì àyẹ̀wò dání. Ọ̀rọ̀ òótọ́ wà lórí ahọ́n rẹ̀, kò ju gbólóhùn kan lọ: *mi ò lè gbóòórùn mọ́*. Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Ohun tó ti mọ́ ẹnu lára ló jáde.

"Ẹrẹ̀ ni," ló wí. "Ẹrẹ̀ tó ní ìfófó."

"Gbogbo ẹ̀ náà?"

"Gbogbo ẹ̀. Bí Màmá bá wà láyé, kò ní gbà á lọ́wọ́ ẹ."

Apọntí gba ife rẹ̀ padà. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n," ó sì tún fi ọwọ́ dé e lórí bó ṣe ń jáde lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìdí fún un mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, omi dúdú kan ń ṣàn kọjá ní gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù, ìfófó lórí rẹ̀. Apòògùn rò pé wọ́n ń fọ ilẹ̀ ni. Àwọn tó ń kọjá ń dúró. Obìnrin kan tó wá ra oògùn ikọ́ fún ọmọ rẹ̀ bi í pé, "Dókítà, kí ló ń ta sánsán báyìí?" Ó ní òun kò ráyè òfófó.

Ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, bàtà rẹ̀ ti tutù. Kò lọ sílé, ṣọ́ọ̀bù ló yà sí, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Àbúrò mi ti da ọtí Màmá sí gọ́tà. Ó ní ẹ̀yin lẹ ní ẹrẹ̀ ni."

Apòògùn ń to páálí oògùn.

"Gbogbo àdúgbò ló ń gbóòórùn ẹ̀," ni ìyàwó wí. "Mo ti orí títì gbọ́ ọ. Ẹsẹ̀ mi dúró fúnra ẹ̀. Ṣe ló dà bí ìgbà tí Màmá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ búrẹ́dì lórí iná. Dádì, ẹ̀yin ò gbọ́ ọ ni?"

Ó fa páálí míì jáde. Ìyàwó sún mọ́ káúńtà.

"Ẹ̀wà ọjọ́sí jóná," ló wí.

"Mi ò mọ̀."

"Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń dúró kẹ́ ẹ sọ fún mi."

Apòògùn gbé páálí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní ìtìjú ló mú òun. Ìyàwó rẹ̀ ní ìtìjú rẹ̀ ló ń ṣàn lọ nínú gọ́tà yẹn, pé kó dìde, kó lọ sọ fún ọmọ ọlọ́mọ. Kò gbé ohùn sókè. Ẹyin lohùn, èyí tó ti fọ́ wà níwájú ilé, kò sì sẹ́ni tó lè kó o.

Apòògùn gba ẹ̀yìn lọ. Ó bá àna rẹ̀ lórí àpótí ìgò tó dojú dé, ó na rọ́bà omi sí ilẹ̀, ó ń fọ́n ohun tó ṣẹ́ kù lọ sójú àgbàrá. Àgbá náà ṣí sílẹ̀.

"Imú mi ò ṣiṣẹ́ mọ́," ni apòògùn wí.

Apọntí pa omi. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀."

Apọntí ń ro ó, ó sì hàn pé àwọn Sátidé ló ń rò. "Gbogbo èyí tẹ́ ẹ wí láti ìgbà yẹn ńkọ́?"

"Ẹnu lásán ni."

"Èyí tẹ́ ẹ sọ láàárọ̀ ńkọ́?"

"Òun náà. Jọ̀ọ́. Má bínú."

Kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ *jọ̀ọ́* lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó jáde bí ọ̀rọ̀ èdè tí kò mọ̀ sọ dáadáa.

"Ẹ̀gbọ́n," ni apọntí wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, "gbogbo àwọn tó ń wá síbí ló ń purọ́ fún mi. Wọ́n á ní ó dùn, torí wọ́n fẹ́ràn mi, tàbí torí wọ́n fẹ́ ká rí àwọn bí ọ̀mọ̀ràn. Ẹ̀yin nìkan ni mo rò pé kì í purọ́. Èébú yín ò dùn mí rí, torí òótọ́ wà nínú ẹ̀. Ẹ̀gàn tí kò sí òótọ́ nínú ẹ̀, kí lẹ fẹ́ kí n fi ṣe?"

Apòògùn ní òun yóò ràn án lọ́wọ́ láti tún un pọn, òun yóò wá oyin.

"Ẹ máa lọ sílé," ni apọntí wí. Ó tún ṣí omi.

Láti ìgbà náà, kò sí ìjà láàárín wọn. Ìbá sàn kó wà. Apọntí ń kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ń dọ̀bálẹ̀ bó ti yẹ, ó ń fún un ní ife ní Sátidé bó ṣe ń fún gbogbo èèyàn, kò sì wo ojú rẹ̀ nígbà tó bá ń mu ún. Wọ́n ní kí apòògùn sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mi ò gbọ́ nǹkankan. Imú mi ti kú." Ẹ̀rín gba gbogbo ilé, wọ́n rò pé àwàdà ni, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọmọ ọ́fíìsì kan ké sí apọntí pé kó kọ ìyẹn sára ìgò, Imú Mi Ti Kú, pé ìyẹn gan-an ló máa tà jù. Apọntí ní òun kò ní kọ ọ́. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Apòògùn wo àwọn òmùgọ̀ náà, ó wá ẹ̀gàn tó máa ń ní fún wọn, ó rí i pé ara òun ló ti yíjú sí.

Nígbà tí òjò ń lọ sópin, imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jí. Kò jí dáadáa níbẹ̀rẹ̀: ọṣẹ ń rùn bí irin, tíì ń rùn bí rọ́bà tó jóná. Ó fara dà á. Ní òwúrọ̀ kan tó ń ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, òórùn kánfọ̀ jáde wá pàdé rẹ̀, kedere, bí ará ilé tó ti ìrìnàjò dé. Ó dúró ní àbáwọlé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, kò lè wọlé fún ìgbà díẹ̀.

Kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yìn ló gbà. Apọntí ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ inú àgbá, orí àti èjìká rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Apòògùn fa imú.

"Àgbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yẹn ti fẹ́ kan," ló wí.

Ohùn apọntí jáde láti inú irin. "Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Mo ti mọ̀ láti àná. Mo fẹ́ dà á nù tí mo bá parí èyí." Ó yọ orí jáde, ó nu ojú. "Imú yín ti padà nìyẹn."

"Ó ti padà."

"Ẹ kú oríire."

Apòògùn dúró. Òórùn míì wà nínú ilé náà, ó ti gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà, kò sì fẹ́ dárúkọ rẹ̀ títí dìgbà tí kò lè pa á mọ́ra mọ́. "Ti Màmá ńkọ́?"

"Mo ti tún un pọn."

"Ṣé kí n tọ́ ọ wò fún ẹ?"

Apọntí wo búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rẹ̀. Kò bínú, kò sì rojú. "Bó bá di Sátidé," ló wí, "gbogbo èèyàn ló máa tọ́ ọ wò."

Ó di Sátidé. Apòògùn wọ ẹ̀wù ojoojúmọ́, ó tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí ife ọtí Màmá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn télọ̀, ṣáájú olùkọ́ ìṣirò, ó gbé e sí imú, ó di ojú. Ó pẹ́ kó tó mu ún. Àwọn èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀ de ohun tó máa wí.

"Dókítà, ó ti jẹ́ o?"

"Ó dáa," ni apòògùn wí.

Wọ́n dúró de ìyókù. Kò sí ìyókù. Ọmọ ọ́fíìsì kan yínmú, ó sọ fún èkejì rẹ̀ pé bàbá yìí ti darúgbó, pé ọjọ́ ti ń pẹ́ lórí ẹ̀. Wọ́n yíjú kúrò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ara wọn pé àwọn ń gbọ́ èso gbígbẹ. Níbi àgbá, apọntí ti ń bu ti ẹlòmíràn. Ìyàwó apòògùn gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó mu èyí tó kù nínú rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.